Láti Ojú Agbami dé Ẹnu Ọ̀sà: Ọkọ̀ Ogun Gẹ̀ẹ́sì àti Òwò Ẹrú, 1807–1861

Àwọn òǹkọ̀wé kan máa ń sọ ìtàn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ní etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà bí ẹni pé iṣẹ́ àánú pọ́ńbélé ni. Àwọn mìíràn gbà pé ẹ̀tàn lásán ni, pé ilẹ̀ ni òyìnbó ń wá láti ìbẹ̀rẹ̀. Èrò méjèèjì kò kárí. Bí a bá tọpa ọgbọ́n ogun ojú omi náà láti 1807 sí 1861, yóò hàn pé ìkùnà ọgbọ́n kan ni ó ń bí òmíràn, títí iṣẹ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ lójú agbami fi parí sí ààfin ọba.

Ní 1807 ni ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì fi òfin de òwò ẹrú. Ní 1808, ọkọ̀ méjì péré, Solebay àti Derwent, ni wọ́n rán wá ṣọ́ etíkun tí ó gùn lọ rẹrẹẹrẹ. Kò yani lẹ́nu, nítorí ogun Napoleon ni ó gba àwọn ọkọ̀ tí ó dára jù lọ. Nígbà tí ogun náà parí ní 1815, ìṣòro mìíràn yọjú: Gẹ̀ẹ́sì kò ní ẹ̀tọ́ láti dá ọkọ̀ orílẹ̀-èdè mìíràn dúró láìsí ìwé àdéhùn. Wọ́n bá Pọ́túgà ṣe àdéhùn ní 1815, Sípéènì ní 1817, àti Bràsíìlì ní 1826. Síbẹ̀, àdéhùn Pọ́túgà kò dé gúúsù ìlà agbedeméjì ayé. Bákan náà, bí kò bá sí ẹrú nínú ọkọ̀, a kò lè mú un, bí ó tilẹ̀ kún fún ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀. Àfi kí ológun dúró kí wọ́n kó ènìyàn sínú rẹ̀ tán. Ọdún 1835 ni Sípéènì tó gbà kí a mú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀.

Pẹ̀lú gbogbo èyí, iṣẹ́ náà kò ṣàìso èso. Ní oṣù kẹrin 1822, ọkọ̀ Myrmidon gba ọkọ̀ ẹrú kan tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní Èkó. Ọ̀dọ́mọkùnrin ará Òṣóògùn kan wà nínú rẹ̀, Àjàyí, ẹni tí ó di Samuel Crowther. Freetown ni wọ́n kó wọn lọ, níbi tí àwọn ọmọ Ọ̀yọ́, Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀bú àti àwọn mìíràn ti pàdé. Nínú àwùjọ yìí ni ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá tí Crowther tẹ̀ jáde ní 1843 ti dìde. Wọ́n tilẹ̀ sọ ọkọ̀ ẹrú kan tí wọ́n gbà di ọkọ̀ ológun, wọ́n pè é ní Black Joke. Òun ni ó mú El Almirante ní 1829, tí ẹrú 466 sì gba òmìnira. Olè ní í mọ ẹsẹ̀ olè tọ̀ lórí àpáta.

Àwọn onímọ̀ ìtàn fojú bù ú pé nǹkan bí ọkọ̀ 1,600 ni wọ́n mú láàárín 1808 sí 1860, tí ènìyàn bí 150,000 sì di òmìnira. Ṣùgbọ́n àwọn tí a kó kọjá òkun ní àkókò kan náà ju mílíọ̀nù méjì lọ. Ibà sì ń pa àwọn atukọ̀ ológun náà. Ní 1850, àwọn aṣòfin kan ní kí wọ́n kó ọkọ̀ náà wálé. Àbá wọn kò wọlé. Ọgbọ́n tuntun wá gbilẹ̀: dípò kí a máa lé ọkọ̀ lójú òkun, kí a lọ bá òwò náà ní ibùba rẹ̀. Ọ̀gágun Denman ti dán an wò ní Gallinas ní 1840, nígbà tí ó dáná sun àwọn àgọ́ ìkẹ́rúsí. Ní 1850, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì wọ èbúté Bràsíìlì, ìjọba ibẹ̀ sì fòfin de òwò náà ní oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn.

Èkó ni ó kàn. Kòsọ́kọ́ ti lé Akítóyè kúrò lórí oyè ní 1845. Akítóyè bẹ Gẹ̀ẹ́sì lọ́wẹ̀, ó sì ṣèlérí láti fòpin sí òwò ẹrú. Ìkọlù àkọ́kọ́, ní ọjọ́ 25 oṣù kọkànlá 1851, forí ṣánpọ́n. Yanrìn abẹ́ omi ẹnu ọ̀sà kò jẹ́ kí ọkọ̀ ńlá wọlé, àwọn ọmọ ogun Kòsọ́kọ́ sì gbára dì létí omi. Ní ọjọ́ 26 oṣù kejìlá, àwọn ọkọ̀ eléèéfín Bloodhound àti Teazer wọlé pẹ̀lú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kéékèèké. Teazer fàyà sọlẹ̀ lórí yanrìn, ìjà sì gbóná gan-an kí Kòsọ́kọ́ tó sá kúrò nílùú. Àwọn ará Èkó sọ ogun náà ní Agidingbi, nítorí bí àgbá ṣe ń dún. Orúkọ náà kò sọ nǹkan kan nípa ẹrú tàbí òmìnira. Ohun tí etí ìlú gbọ́ ni ó sọ.

Níbí ni ìdájọ́ ti le. Akítóyè ti jọba láti 1841 sí 1845, òwò ẹrú kò sì dáwọ́ dúró ní Èkó. Ìwé àdéhùn tí ó fọwọ́ sí ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1852 fòpin sí òwò ẹrú, ṣùgbọ́n ó tún ṣí Èkó sílẹ̀ fún òwò àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ní oṣù kẹjọ 1861, ọkọ̀ ogun Prometheus wà nínú ọ̀sà nígbà tí Dòsùnmú, ọmọ Akítóyè, fọwọ́ sí ìwé tí ó sọ Èkó di ti ọba Gẹ̀ẹ́sì.

Irú agbára kan náà tí ó já ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lọ́rùn Àjàyí ni ó gba ìlú tí wọ́n ti kó o sọ́kọ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ sọ ìtàn yìí ní òtítọ́ kò gbọdọ̀ fi ọ̀kan bo èkejì mọ́lẹ̀. Àwọn tí ó pe ọkọ̀ ogun wá gba ìlú lọ́wọ́ Kòsọ́kọ́ kò béèrè ìgbà tí yóò padà. Ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.