Run: Ọ̀rọ̀ Tí Kì Í Sinmi

Ẹ̀yin akẹ́gbẹ́ mi, run tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe tiwa tó bí ìparun o. Ti Gẹ̀ẹ́sì ni, lẹ́tà mẹ́ta péré. Ní 2011, Peter Gilliver, ọ̀kan nínú àwọn olóòtú ìwé atúmọ̀ èdè Oxford, ka ìtumọ̀ 645 fún un, bí ọ̀rọ̀-ìṣe nìkan. Oṣù mẹ́sàn-án ló fi ṣe é. Iye oṣù oyún, ẹ gbọ́ o jàre! Bẹ́ẹ̀, nínú ẹ̀dà kejì tó jáde ní 1989, set ló wà níwájú, pẹ̀lú ìtumọ̀ bí 430.

Kí ló fà á? Lójú tèmi, ẹ̀rọ ni. Ẹsẹ̀ àti omi ló kọ́kọ́ ni run. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin dé, òun náà ń run. Ẹ̀rọ iléeṣẹ́ ń run, ọ̀gá tó ń darí rẹ̀ ń run un, kọ̀ǹpútà náà tún wá ń run. Set ńkọ́? Jíjókòó ni tirẹ̀.

Nínú Yorùbá, ẹsẹ̀ ló ń sáré. Odò ń ṣàn, ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́, òṣèlú ń du ipò, aró ń ṣí lára aṣọ, ikun ń dà nímú ọmọ. Kì í ṣe pé a ò ní ọ̀rọ̀ tó ń ru ẹrù púpọ̀. Ẹ wo jẹ: à ń jẹ iyán, à ń jẹ gbèsè, à ń jẹ oyè, à ń jẹ ogún, à ń jẹ ìyà. Nígbà tí Oxford gba àwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì Nàìjíríà wọlé ní oṣù kìíní 2020, okada, danfo, mama put àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, “eat money” wà níbẹ̀. Ọmọ Yorùbá wo ló nílò àlàyé ìyẹn?

James Murray tó di olóòtú ní 1879 kò rí òpin iṣẹ́ náà; ó kú ní 1915, ìwé parí ní 1928. Àwọn òǹkàwé ló ń kọ gbólóhùn tí wọ́n bá rí sórí pélébé ìwé ránṣẹ́ sí i. Ohun tí aráyé kọ ni wọ́n ń kó jọ, ó dára, kò dára.

Ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù nípa ti ọgbà wa. A ti fi s kún un, ó di runs. Iṣẹ́ ọwọ́ tí a fi ń wá owó gàrí, runs ni. Ọ̀nà ẹ̀bùrú láti rí yàrá ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, runs ni. Máàkì tí a fowó rà, runs náà ni! Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló bo aláàárù àti olè mọ́lẹ̀ pọ̀.

Ní sáà tó kọjá, ẹnì kan bi mí lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn ìdánwò pé, “Ṣé o ti ṣe runs kọ́ọ̀sì yìí?” Mo ní mo ti kà á. Ó tún un bi, ó rọra sọ ọ́, bí ẹni pé mi ò gbọ́ èdè.