Òkun tó wà lábẹ́ Ṣágámù

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Nígbà tí a bá jókòó ti ìtàn Rẹ́mọ, aṣọ la sábà máa ń kà: oyè Àkárìgbò, ogun ọ̀rúndún kọkàndínlógún, òwò obì, ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn tó gba ẹ̀gbẹ́ ìlú kọjá. Àkísà ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí. Abẹ́ ẹsẹ̀ ará Ṣágámù ló wà, ọjọ́ orí rẹ̀ sì tó nǹkan bí 60 mílíọ̀nù ọdún.

Nígbà tí mo ṣì ń ṣiṣẹ́ ìwé ìròyìn, ọ̀rọ̀ mìíràn ló gbé mi dé Ṣágámù lọ́jọ́ kan. Nígbà tí a parí ohun tí mo bá wá, olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì wọ yàrá lọ, ó mú òkúta kan jáde, ó sì fi í sí mi ní àtẹ́lẹwọ́. Òkúta aláwọ̀ eérú ni, kò tóbi ju ìkúùkù ọmọdé lọ. Òkòtó kan wà lára rẹ̀, ó lọ́ yí ara rẹ̀ ká gẹ́lẹ́ bí èyí tí a máa ń ta nígbà èwe. Mo bi bàbá náà pé ta ló gbẹ́ ẹ. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Òkun ló gbẹ́ ẹ, ọmọ mi." Mo rò pé àwàdà ni. Òkun wo ló wá dé Ṣágámù?

Bàbá náà kò ṣàwàdà. Àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ àti àpáta ti fi yé wa pé ní ìgbà kan, lẹ́yìn tí àwọn ẹran ńláńlá tí wọ́n ń pè ní dinosaur ti run ní nǹkan bí 66 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, òkun wọ inú ilẹ̀ wa ju bó ṣe wọ̀ ọ́ lónìí lọ. Omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, tí kò jìn púpọ̀, ló tẹ́ sórí ibi tí Ṣágámù àti Ewékorò wà báyìí. Òkòtó, ìṣáwùrú, akàn, àti àwọn ẹ̀dá rogodo ẹlẹ́gùn-ún tó ń gbé ìsàlẹ̀ òkun, gbogbo wọn ló ń bẹ níbẹ̀. Bí wọ́n ti ń kú ni ìkarahun wọn ń rì sí ìsàlẹ̀, tí ẹrẹ̀ ń bò wọ́n, tí òmíràn tún ń já lé wọn lórí. Ìwúwo ohun tó wà lókè tẹ èyí tó wà nísàlẹ̀, ọdún ń gorí ọdún, títí ìkarahun àti ẹrẹ̀ fi lẹ̀ pọ̀ di òkúta. Nígbà tó yá, òkun padà sẹ́yìn, amọ̀ àti yanrìn bo òkúta náà, igbó sì hù lé e.

Òkúta yìí kò mọ ààlà tí àwọn òyìnbó fà. Àwo ńlá tí òkun ìgbà náà wà nínú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gánà, ó gba Tógò àti Benin kọjá, ó sì parí sí ìhà Okìtìpupa lọ́dọ̀ wa. Àwọn onímọ̀ fi orúkọ Dàhòmì pè é. Ìwé tí Jones àti Hockey kọ fún iléeṣẹ́ ìjọba tó ń wádìí ilẹ̀ Nàìjíríà ní ọdún 1964 ló fi orúkọ Ewékorò sọ òkúta náà. Ẹni tó sì jókòó tì í jù lọ nínú àwọn tiwa ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Oluwafeyisola Adegoke ti Yunifásítì Ifẹ̀. Ní ọdún 1977, ó tẹ ìwé ńlá kan jáde ní Amẹ́ríkà, níbi tó ti ṣàpèjúwe àwọn ẹ̀dá inú òkúta Ewékorò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohun tí oníṣẹ́ ń fi ṣọ́bìrì kó sínú ọkọ̀ ni ọmọ Yorùbá yìí gbé kalẹ̀ fún gbogbo ayé.

Ṣùgbọ́n kí ni ìtàn ènìyàn ní í ṣe pẹ̀lú òkòtó tó ti kú kí ènìyàn tó dé ayé? Ó ní í ṣe. Ṣágámù fúnra rẹ̀, àgọ́ ló jẹ́ kó tó di ìlú. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ọ̀nà tó gba Rẹ́mọ lọ sí Ìkòròdú àti Èkó ṣe pàtàkì fún Ìbàdàn, torí ibẹ̀ ni ọjà àti ohun ìjà ń gbà wọlé. Ẹ̀gbá kò fẹ́ kí ọ̀nà náà ṣí. Ní ọdún 1865, ọmọ ogun Ẹ̀gbá pa àgọ́ yí Ìkòròdú ká, àwọn ọmọ ogun tí Glover rán láti Èkó ló sì tú wọn ká. Irú ìyọnu bẹ́ẹ̀ ló kọ́ àwọn ìlú kéékèèké Rẹ́mọ pé ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí. Ní nǹkan bí ọdún 1872, ìlú 13 kó ara wọn jọ sí ojú kan, Ọ̀fìn àti Mákún wà lára wọn, wọ́n sì sọ ibẹ̀ di Ṣágámù. Títí di òní, olúkúlùkù wọn ṣì mọ àdúgbò tirẹ̀, wọ́n sì mọ orílé tí wọ́n ti ṣí wá.

Àwọn baba ńlá wọ̀nyẹn fi amọ̀ kọ́lé. Wọ́n wá ibi tó láàbò, wọ́n pàgọ́, wọ́n dá oko, wọ́n sì ń bá ayé wọn lọ. Wọn kò mọ̀ pé òkun wà nílẹ̀ lábẹ́ wọn. Sìmẹ́ǹtì ló hú u jáde.

Ní ọdún 1960 ni ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì Ewékorò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, tí ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, jẹ́ olórí rẹ̀ títí di ìparí ọdún 1959, ní ìpín nínú iléeṣẹ́ náà. Ní ọdún 1978 ni ti Ṣágámù tẹ̀ lé e. Iṣẹ́ náà kò ṣòro láti ṣàlàyé. Wọn á fi ohun abúgbàmù fọ́ òkúta náà, wọn á lọ̀ ọ́ pọ̀ mọ́ amọ̀, wọn á sì gbé e gba inú iná tó gbóná tó 1,450 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ohun tó bá jáde ni wọ́n tún ń lọ̀ di ìyẹ̀fun tí a ń rà nínú àpò. Nítorí náà, ẹ̀yin ará, bí ẹ bá ń gbé inú ilé bíríkì ní ìhà tiwa yìí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé òkun àtijọ́ wà lára ògiri yín. Èmi tí mò ń kọ ọ̀rọ̀ yìí kò yọ ara mi sílẹ̀.

N kò kọ èyí láti bá sìmẹ́ǹtì jà. Ó kọ́ ilé ìwé, ó kọ́ afárá, ó sì ti fún ọ̀pọ̀ ọmọ Rẹ́mọ níṣẹ́. Ká sọ òótọ́, bí kì í bá ṣe pé wọ́n gbẹ́ kòtò náà, a kì bá tí rí ohun tó wà nísàlẹ̀. Ọ̀bẹ tó gé iṣu ló jẹ́ ká mọ̀ bí inú rẹ̀ ṣe rí. Ohun tó ń dùn mí ni pé a ń jẹ iṣu náà tán láìfi ẹbu kankan sílẹ̀. Òkúta tí wọ́n bá ti lọ̀ kò ní padà di òkòtó mọ́. Igi obì tí a bá gé, a lè gbin òmíràn. Irú òkun yìí kò ní irúgbìn.

Ẹnì kan lè ní òfin wà. Òfin wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká yẹ̀ ẹ́ wò. Òfin ọdún 1979 tó dá àjọ tó ń bójú tó àwọn ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé sílẹ̀ ka egungun ènìyàn tó ti di òkúta mọ́ ohun tó yẹ kí a dáàbò bò. Ó ka ti ẹranko mọ́ ọn pẹ̀lú, bí wọ́n bá rí i pa pọ̀ mọ́ ti ènìyàn. Ìyẹn dára fún Ihò Eléérú ní ìpínlẹ̀ Òǹdó, níbi tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Thurstan Shaw àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ti hú egungun ènìyàn kan tó ti lé ní 10,000 ọdún jáde ní ọdún 1965. Ṣùgbọ́n ẹ̀dá òkun Ṣágámù kò bá ènìyàn kankan pàdé. Bí a bá ka òfin náà bí wọ́n ṣe kọ ọ́, wọn kò sí nínú rẹ̀. Ìyẹn ni pé bí nǹkan ṣe ń dàgbà sí i ni ààbò rẹ̀ ń dín kù.

Àwọn ibòmíràn ti ronú lọ́nà mìíràn. Ní ìpínlẹ̀ Nevada ní Amẹ́ríkà, aṣálẹ̀ kan wà lórí òkè tó fi ohun tó lé ní mítà 2,000 ga ju òkun lọ. Ìlú awakùsà kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Berlin. Wúrà àti fàdákà ló kó ènìyàn dé ibẹ̀. Nígbà tí ìyẹn kò mówó wọlé mọ́, wọ́n kó ẹrù wọn, wọ́n fi ilé sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́. Ní ọdún 1928, onímọ̀ kan rí egungun ẹran omi ńlá tí wọ́n ń pè ní ichthyosaur nítòsí ibẹ̀. Ẹran náà tó mítà 15 ní gígùn, ó sì ti kú ní ohun tó lé ní 200 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, nígbà tí aṣálẹ̀ yẹn ṣì jẹ́ òkun. Ní ọdún 1957, ìjọba ìpínlẹ̀ sọ ibẹ̀ di ọgbà ìpínlẹ̀. Wọ́n kọ́ ilé bo àwọn egungun náà níbi tí wọ́n dùbúlẹ̀ sí gan-an, wọn kò gbé wọn kúrò. Wọ́n la ọ̀nà ẹsẹ̀, wọ́n sì ya ààyè sọ́tọ̀ fún àwọn tó bá fẹ́ pàgọ́. Bàbá, ìyá àti ọmọ ń wa ọkọ̀ gba inú ilẹ̀ gbígbẹ lọ síbẹ̀, wọ́n ń dáná, wọ́n ń sùn sábẹ́ ìràwọ̀. Bí ilẹ̀ bá mọ́, wọ́n á rìn lọ wo òkun tó ti gbẹ.

Ibi ìwakùsà ni Berlin, ibi ìwakùsà ni Ṣágámù. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ní Nevada, nígbà tí ohun tí wọ́n ń wà tán, ẹnì kan bi ara rẹ̀ pé kí ló kù.

Àwa náà mọ bí a ṣe ń bọ̀wọ̀ fún òkúta. Òkè Olúmọ ní Abẹ́òkúta ń gba àlejò lójoojúmọ́ nítorí pé ó fi ara bo àwọn Ẹ̀gbá nígbà ìṣòro. A mọ ìtàn rẹ̀, nítorí náà kò sí ẹni tó máa gbé ohun abúgbàmù lọ síbẹ̀. Òkúta Ṣágámù kò ní olùsọ̀tàn, òun ló fà á tí kò fi ní alágbàwí.

Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀. Èkíní, kí àwọn tó ń gbẹ́ òkúta, ìjọba ìpínlẹ̀ Ògùn àti àwọn onímọ̀ jọ yan apá kan lára ògiri kòtò náà tí wọn kò ní fọ́, kí ìpele òkúta lè hàn níbẹ̀ láti ìsàlẹ̀ dókè. Èkejì, kí yàrá kan wà ní Ṣágámù tàbí ní Ìkẹ́nnẹ́, níbi tí ọmọ ilé ìwé ti lè fi ọwọ́ kan òkòtó ìlú rẹ̀ kó tó rí i nínú ìwé. Ẹ̀kẹta, kí àwọn aṣòfin fi gbólóhùn kan kún òfin 1979, kí ààbò lè dé ọ̀dọ̀ ẹ̀dá tó gbé ayé ṣáájú ènìyàn. Bí ọjọ́ bá dé tí wọn kò gbẹ́ apá ibẹ̀ mọ́, tí wọ́n sì ti ṣe ètò ààbò tó péye, nítorí kòtò jíjìn kì í ṣe ibi ìṣeré, a lè wá sọ̀rọ̀ ọ̀nà ẹsẹ̀ àti àgọ́. Kí ọmọ Rẹ́mọ sùn mọ́jú ní ibi tí òkun ti sùn, ìyẹn kò ju agbára wa lọ.

Mo mọ ohun tí àwọn kan á sọ. Wọ́n á ní ebi ń pa ará ìlú, ta ló ráyè òkòtó? Mo gbà pé ebi ń pa ará ìlú. Ṣùgbọ́n ebi pa àwọn ìlú 13 náà nígbà tí wọ́n ń sá fún ogun, síbẹ̀ wọn kò gbàgbé orúkọ orílé wọn. Wọ́n ru ú wá sí àgọ́ tuntun, wọ́n fi sọ àdúgbò, wọ́n sì fi kọ́ ọmọ.

Bàbá olùkọ́ yẹn kò fún mi ní òkúta náà. Mo tọrọ rẹ̀, ó ní rárá, pé bí gbogbo ẹni tó bá wá bá ń mú ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ, kí ni òun á fi han àwọn ọmọ àdúgbò? Ó gbà á padà lọ́wọ́ mi, ó fi aṣọ nù ún, ó sì gbé e padà sínú yàrá. Nígbà náà, ó bí mi nínú díẹ̀. Lónìí, mo rí i pé ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé kan ṣoṣo tí òkun Ṣágámù ní nínú ìlú náà lọ́jọ́ yẹn ni mo dúró sí lẹ́nu ọ̀nà.