Òkè àjà ilé ní Òṣòdì àti Ìsọlọ̀

Òkè àjà ni àyè tó wà láàárín àjà yàrá àti òrùlé. Ní Òṣòdì àti Ìsọlọ̀, ní Ìpínlẹ̀ Èkó, páànù ni wọ́n fi bo ọ̀pọ̀ ilé, ooru oòrùn sì ń gba ibẹ̀ wọ yàrá. Ìdí nìyí tí àwọn onílé kan fi ń tẹ́ ohun tó ń dènà ooru sórí àjà, tí wọ́n sì ń to pákó lé e kí wọ́n lè kó ẹrù síbẹ̀. Bí wọn kò bá ṣe é bó ti yẹ, ìrì á máa sẹ̀ níbẹ̀, àjà á sì jẹrà.

Ìtàn

Àjà kì í ṣe ohun tuntun nílẹ̀ Yorùbá. Nínú agbo ilé àtijọ́, wọ́n máa ń to igi sórí ògiri, wọn a sì fi amọ̀ rẹ́ ẹ. Orí rẹ̀ ni wọ́n ń kó oúnjẹ àti ẹrù pamọ́ sí. Bí koríko òrùlé bá sì gbiná, amọ̀ náà kì í jẹ́ kí iná tètè já sínú yàrá. Nígbà tí páànù gbòde, àjà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ rọ́pò ti amọ̀: pílíwúùdù, àsìbẹ́sítọ́ọ̀sì, àti PVC lẹ́yìn wọn.

Bí ìrì ṣe ń sẹ̀

Afẹ́fẹ́ máa ń gbé ọ̀rinrin tí ojú kò rí. Bí ó bá kan ohun tó tutù tó, ọ̀rinrin náà á di omi, bí ó ti ń rí lára ìgò tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú fíríìjì. Ní Ìlú Ọba, inú yàrá tó móoru ni ọ̀rinrin ti ń gòkè lọ bá òrùlé tó tutù, nítorí náà ìsàlẹ̀, lẹ́bàá àjà, ni wọ́n ń tẹ́ ọ̀rá sí. Òdìkejì rẹ̀ ni ti Èkó. Afẹ́fẹ́ ìta ló móoru tó sì rin, yàrá tí ẹ̀rọ amúlétutù wà ló tutù. Bí afẹ́fẹ́ bá wà ní 30°C, tí ọ̀rinrin rẹ̀ sì jẹ́ 80%, ìrì á sẹ̀ lára ohunkóhun tí kò bá gbóná ju nǹkan bíi 26°C lọ. Yàrá tí wọ́n mú tutù dé 20°C lè sọ àjà di irú ohun bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá tẹ́ ọ̀rá sísàlẹ̀ bíi ti Ìlú Ọba, orí ọ̀rá náà gan-an ni omi á dúró sí.

Ilé tí kò ní ẹ̀rọ amúlétutù pàápàá kò bọ́ pátápátá: lóru tí ojú ọ̀run mọ́, páànù máa ń tutù ju afẹ́fẹ́ lọ, ìrì á sì kán láti abẹ́ rẹ̀ ní ìdájí.

Ìdènà

Bébà tó ń dán bíi fàdákà lábẹ́ páànù máa ń dá ooru padà. Bí wọ́n bá lo òwú gíláàsì lórí àjà, òkè òwú náà ni ohun tó ń dènà ọ̀rinrin gbọ́dọ̀ wà, kí wọ́n sì dí ihò tó yí iná àti wáyà ká. Mímú ẹ̀rọ amúlétutù dúró ní nǹkan bíi 24°C tún ń dín ìrì kù. Ihò afẹ́fẹ́ lábẹ́ etí òrùlé ń kó ooru jáde, ó sì ń jẹ́ kí igi tó rin gbẹ. Pákó tàbí òwú kò gbọdọ̀ dí i.

Ti pákó fúnra rẹ̀ gba ìṣọ́ra. Igi 50 mm sí 50 mm tí ọ̀pọ̀ káfíńtà fi ń kan àjà, àjà nìkan ló lè gbé. Ẹrù nílò igi tó nípọn jù bẹ́ẹ̀ lọ, tó dúró lórí ògiri. Pákó kò sì gbọdọ̀ tẹ òwú mọ́lẹ̀, nítorí afẹ́fẹ́ inú òwú ló ń dènà ooru. Nínú ilé àtijọ́ tó ní àjà àsìbẹ́sítọ́ọ̀sì, gígé e tàbí lílu ú máa ń tú eruku tó ń fa àrùn ẹ̀dọ̀fóró àti jẹjẹrẹ.