Máàpù Kejì

Ẹni tó bá ti gbé Àkúrẹ́ tàbí Oǹdó rí mọ̀ pé ọ̀rọ̀ omi kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ẹni tó bá kọ́lé ló ń wá omi ara rẹ̀. Kí wọ́n tó gbẹ́ bọ́hóòlù, wọ́n á kọ́kọ́ pe àwọn tó ń yẹ ilẹ̀ wò. Àwọn yẹn á kan irin mẹ́rin mọ́lẹ̀ lórí ìlà kan, wọ́n á fi iná bátìrì gba inú méjì wọlẹ̀, wọ́n á sì fi méjì yòókù wọn bí ilẹ̀ ṣe ń dènà iná náà tó. Bí wọ́n bá ṣe ń sún irin ìta jìnnà síra ni iná ń jìn wọlẹ̀ sí i. Ìdí wàhálà yìí ni pé àpáta líle ló wà lábẹ́ ìlú méjèèjì, gíránáìtì àti àwọn ẹbí rẹ̀, irú èyí tó yọrí síta ní Ìdànrè. Omi kì í gbé inú odindi àpáta. Inú ilẹ̀ tó ti jẹrà lórí àpáta ló ń gbé, tàbí ibi tí àpáta bá ti là. Ìdí nìyẹn tí ilé kan fi lè rí omi, kí ilé tó kàn án gbẹ́ ihò lásán.

Àwa tí à ń kọ ètò kọ̀ǹpútà jẹun, kí ló kàn wá nínú àpáta? Ọ̀rẹ́ wa kan tó ń ṣe másítà ló fà wá wọ̀ ọ́. Ó ti yẹ ilẹ̀ wò káàkiri Àkúrẹ́ àti Oǹdó, nọ́ńbà yẹn pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Àmọ́ bọ́hóòlù tí wọ́n ti gbẹ́, tí a mọ bí omi rẹ̀ ṣe pọ̀ tó, kò ju ìwọ̀nba lọ, Àkúrẹ́ sì ni gbogbo wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ wà. Ó fẹ́ kí èyí tó pọ̀ ran èyí tó ṣọ̀wọ́n lọ́wọ́. A ní kò le rárá, a máa wá ètò tó ń ṣe é.

Ètò náà wà lóòótọ́, ó sì ní ìtàn. Geostatistics ni wọ́n ń pe ìmọ̀ yìí, inú góòlù ló sì ti jáde. Wọ́n rí góòlù ní agbègbè Johannesburg ní 1886, ìlú ńlá sì hù sórí rẹ̀. (Àwọn aláwọ̀ dúdú ló ń wọ inú ihò náà lọ fún owó táṣẹ́rẹ́. Ìwé ìṣirò kì í sábà dárúkọ wọn.) Ẹnjiníà kan tó ń jẹ́ Danie Krige ṣàkíyèsí nǹkan kan níbẹ̀. Ibi tí òkúta tí wọ́n bù wò bá ti ní góòlù púpọ̀, bí wọ́n bá gbẹ́ gbogbo abala náà tán, góòlù rẹ̀ kì í tó bí wọ́n ṣe rò. Ibi tí wọ́n sì kà sí aláìní sábà máa ń sàn ju bí wọ́n ṣe rò lọ. Ẹnikẹ́ni kò purọ́ o. Òkúta díẹ̀ ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀ nípa ilẹ̀ púpọ̀, ni. Krige ní kí wọ́n má fi ti abala kan ṣoṣo dá ẹjọ́, kí wọ́n gbọ́ tẹnu àwọn aládùúgbò rẹ̀ náà. Inú iṣẹ́ másítà rẹ̀ ní Yunifásítì Witwatersrand, ní 1951, ló ti kọ ọ́. Ẹ kíyè sí i, iṣẹ́ másítà.

Ará Faransé kan, Georges Matheron, tó ti ṣiṣẹ́ ìwákùsà ní Algeria, ló gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀, ó sì fi orúkọ Krige sọ ọ́: kriging. Ìwé ńlá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní 1962. Ní 1968, wọ́n dá ibùdó kan sílẹ̀ fún iṣẹ́ náà ní Fontainebleau, lábẹ́ École des Mines ti Paris. Irinṣẹ́ Matheron ni variogram. Mú ibi méjì, wo bí wọ́n ṣe jìnnà síra tó, wo bí wọ́n ṣe yàtọ̀ síra tó. Ṣe bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ibi méjì-méjì tó o ní. Ọmọ ilé kan náà jọra ju ọmọ àdúgbò lọ, ọmọ àdúgbò sì jọra ju ará ìlú kejì lọ. Variogram ló ń sọ ibi tí ìjọra náà parí sí.

Ohun tó dùn mọ́ wa jù nínú rẹ̀ ni pé ìṣirò yìí kì í dá ìfojúdá gbé jáde. Bó ṣe ń sọ pé "iye tí mo rò nìyí," bẹ́ẹ̀ ló ń sọ "bí iyèméjì mi ṣe tó nìyí." Máàpù méjì ni iṣẹ́ kan ń bí.

Nígbà tí ohun tí a ń wọ̀n bá ju ẹyọ kan lọ, ọ̀rọ̀ le sí i. Bí ìdènà iná ṣe jọ ara rẹ̀ láti ibì kan sí ibòmíràn kò tó mọ́. A ní láti mọ bí òun àti omi ṣe jọ ń lọ sókè sódò. Variogram gbogbo wọn sì gbọ́dọ̀ bára mu. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìṣirò lè sọ pé iyèméjì òun kéré sí òdo, ta ló gbọ́ irú ẹ̀ rí? Journel àti Huijbregts to ọ̀nà rẹ̀ sínú ìwé wọn ti 1978, Hans Wackernagel sì kọ odindi ìwé lórí rẹ̀ ní 1995. A rẹ́rìn-ín nígbà tí a rí i pé Conrad Schlumberger, tó fi iná yẹ ilẹ̀ wò ní Normandy ní 1912, olùkọ́ ni ní École des Mines yẹn kan náà. Irin tí wọ́n ń kàn mọ́ ilẹ̀ Àkúrẹ́ àti ìṣirò tí a fẹ́ fi túmọ̀ rẹ̀, ilé ìwé kan náà ni wọ́n ti kọjá.

Lẹ́yìn náà ló kan àwa oníkọ̀ǹpútà. Ní 1992, Deutsch àti Journel tẹ ìwé GSLIB jáde láti Stanford, pẹ̀lú ètò tí wọ́n fi èdè Fortran kọ. Ní 2004, Edzer Pebesma ṣàlàyé gstat, ọ̀fẹ́ ni, ó sì lè gbé ìwọ̀n púpọ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Òun la lò. Ìlà bíi mélòó kan péré, ó ti parí. Èsì rẹ̀ máa ń jáde ní òpó méjì: ọ̀kan ní "pred" nídìí orúkọ rẹ̀, èkejì ní "var". Pred ni ìfojúdá, var ni iyèméjì.

A ya pred. A fi àwọ̀ búlúù kun ibi tí omi pọ̀ sí, ó dára lójú gan-an ni. Var kò wúlò fún wa lọ́jọ́ náà, a pa á tì.

Bàbá kan ní Oǹdó, mọ̀lẹ́bí ọ̀rẹ́ wa, rí máàpù náà. Ilẹ̀ rẹ̀ bọ́ sínú búlúù. Ó yá owó, ó pe àwọn agbẹ́lẹ̀. Eruku ni wọ́n bá, wọ́n gbẹ́ ẹ títí, eruku náà ni.

A padà sídìí fáìlì, a ya var. Àkúrẹ́ funfun. Bí a ṣe ń bọ̀ lójú ọ̀nà tó gba Owena wá sí Oǹdó ló ń pọ́n sí i, nígbà tí a ó fi dé Oǹdó, gbogbo rẹ̀ ti pọ́n wẹ̀ẹ̀. Ohun tí ètò náà kọ́ ní Àkúrẹ́ ló ń sọ nípa Oǹdó, ó sì ti sọ fún wa pé kò dá òun lójú.

A gbé e lọ fún bàbá. Ó wò ó pẹ́.

"Ẹ̀yin ọmọ yìí, ṣé èyí ti wà níbẹ̀ nígbà tí ẹ fi tàkọ́kọ́ hàn mí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ó ti wà níbẹ̀."