Ológbò Siam àti Irun Tí Òtútù Ń Pa Láró

Funfun báláú ni wọ́n máa ń bí ọmọ ológbò Siam. Kò sí àmì kankan lára rẹ̀ nígbà tí ìyá rẹ̀ ń lá a gbẹ. Bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì bá kọjá, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ á yọ ní bèbè etí rẹ̀, bí ẹni pé wọ́n fi léèdì fà á. Lẹ́yìn náà ni imú, ìrù àti ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú díẹ̀díẹ̀. Kí ó tó di àgbà, gbogbo ibi wọ̀nyí á ti dúdú bíi kọfí tí wọ́n yan, àárín ara rẹ̀ á sì dà bí ògì tí wọ́n da mílíìkì sí. Kò tán síbẹ̀. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ẹ̀yìn àti ìbàdí rẹ̀ náà á máa ṣú, débi pé ẹni tó rí i nígbà tó wà lọ́mọ ọdún kan, tó tún wá rí i lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, lè jiyàn pé ológbò mìíràn ni. Ẹyinjú rẹ̀ tó dà bí aró nìkan ni kì í yí padà.

Siam ni orúkọ tí Táílàǹdì ń jẹ́ kí ó tó di ọdún 1939. Láyé ìjọba Ayutthaya, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1351 tó sì parí ní 1767 nígbà tí àwọn ọmọ ogun Bọ́mà kó olú ìlú rẹ̀, ni ìwé àwọn ológbò tí wọ́n ń pè ní Tamra Maew ti pilẹ̀. Ewì ni wọ́n fi kọ ọ́, àwòrán sì wà nínú rẹ̀, lórí bébà tí wọ́n fi èèpo igi ṣe tí wọ́n sì ká níṣẹ̀ẹ́po-níṣẹ̀ẹ́po. Ọ̀pọ̀ ẹ̀dà tó ṣẹ́kù lónìí jẹ́ àdàkọ ọ̀rúndún 19. Oríṣi ológbò 17 ló wà níbẹ̀ tí wọ́n gbà pé ó ń mú oríire wọlé, 6 sì ń bẹ tí wọ́n ní kí ènìyàn má ṣe sìn. Wichienmaat jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn olóríire: ara rẹ̀ funfun, ibi mẹ́jọ lára rẹ̀ sì dúdú, ìyẹn ẹnu, ìrù, etí méjèèjì àti ẹsẹ̀ mẹ́rin. Òun ni ológbò tí gbogbo ayé wá ń pè ní Siam. Ó yẹ kí a ṣàkíyèsí pé kì í ṣe òun nìkan ni ìwé náà yìn. Si Sawat aláwọ̀ eérú wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni Suphalak tí irun rẹ̀ pọ́n bíi bàbà. Àwọn òyìnbó tó kọ́kọ́ dé Bangkok ló fẹ́ràn alámì mẹ́jọ ju àwọn yòókù lọ, wọ́n sì fi orúkọ odidi orílẹ̀-èdè pe oríṣi kan ṣoṣo.

Ní ọjọ́ 13 oṣù keje ọdún 1871, Harrison Weir, tó jẹ́ ayàwòrán, ṣètò ìpàtẹ ológbò ńlá kan ní Crystal Palace ní London. Ológbò Siam wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu kò kò lórí rẹ̀. Akọ̀ròyìn kan tilẹ̀ fi í wé ohun tí ènìyàn ń rí lójú àlá burúkú. Àwọn tó ń wò ó kò tíì rí ológbò tí ojú rẹ̀ dúdú tí ara rẹ̀ sì funfun rí, nítorí ológbò ilé ilẹ̀ Yúróòpù abilà, dúdú tàbí pupa ni wọ́n mọ̀.

Amẹ́ríkà rí tirẹ̀ gbà lẹ́yìn náà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1878, David Sickels, aṣojú ìjọba Amẹ́ríkà ní Bangkok, kọ̀wé sí Lucy Hayes, ìyàwó Ààrẹ Rutherford Hayes, pé òun ń fi ológbò kan ránṣẹ́ sí i. Ọkọ̀ ojú omi gbé e gba Hong Kong dé San Francisco, ó sì wọ ilé ìjọba ní Washington ní ìbẹ̀rẹ̀ 1879. Siam náà ni wọ́n sọ ọ́. Kò pé ọdún kan tó fi kú.

Èyí tó fìdí múlẹ̀ jù ni ti ọdún 1884. Gould, tó ń ṣiṣẹ́ fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Bangkok, kó akọ kan àti abo kan, Pho àti Mia, wá fún arábìnrin rẹ̀ Lilian Veley. Àwọn ológbò méjì yìí bímọ, wọ́n sì kó àwọn ọmọ náà lọ sí ìpàtẹ Crystal Palace ní 1885. Wọ́n gbayì níbẹ̀, ṣùgbọ́n láìpẹ́ lẹ́yìn ìpàtẹ náà ni wọ́n kú. Irú ikú bẹ́ẹ̀ wọ́pọ̀ láàárín ológbò Siam ayé ìgbà yẹn, àwọn tó ń sìn wọ́n sì di ẹ̀bi rẹ̀ ru òtútù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ olówó fi ológbò wọn sínú yàrá tí iná ń jó nínú rẹ̀ tọ̀sán-tòru. Bí wọ́n bá tilẹ̀ dáàbò bo ẹ̀mí rẹ̀, ohun mìíràn tún wà tí ooru náà ń ṣe sí irun rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ̀.

Wọ́n kúkú ti rí i pé àwọ̀ náà ń yí. Nínú ìwé nípa ológbò tí Weir tẹ̀ jáde ní 1889, àwọn tó sìn ún ṣàlàyé pé funfun ni wọ́n ń bí àwọn ọmọ, pé bèbè etí ló kọ́kọ́ ń dúdú, àti pé àgbà ń ṣú ju ọmọdé lọ. Àkíyèsí ojú lásán ni, ṣùgbọ́n ó péye. Ìdí rẹ̀ ló gbà wọ́n ju ogójì ọdún kí wọ́n tó mọ̀.

Nígbà náà, ìpàtẹ ti di àṣà, àṣà sì ń fẹ́ òfin. Wọ́n kọ òṣùwọ̀n àkọ́kọ́ fún ológbò Siam ní 1892. Lilian Veley wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ àwọn tó ń sìn ín sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 20. Àwọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n fọwọ́ sí, ìyẹn alámì dúdú bíi kọfí. Ní 1896, wọ́n gbé ọ̀kan tí àmì rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ eérú wá síwájú adájọ́ Louis Wain, ayàwòrán tí gbogbo London mọ̀ nítorí àwòrán ológbò tó ń yà. Ó kọ̀ ọ́, ó ní kì í ṣe Siam. Ogójì ọdún kọjá kí àjọ ológbò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó gba aláwọ̀ eérú náà wọlé ní 1936. Aláwọ̀ kòkó tẹ̀lé e ní 1950, èyí tó ṣì jọ eérú ṣùgbọ́n tó mọ́lẹ̀ jù ú lọ wọlé ní 1960, alámì pupa àti alámì abilà sì dé ní 1966. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló fa àríyànjiyàn. Kò sí èyí tó kan ìyípadà tí ọjọ́ orí ń mú wá. Àwọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ ni gbogbo wọn ń jà lé lórí, bí ẹni pé ẹ̀jẹ̀ nìkan ló ń kun ológbò.

Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní Moscow ló fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. N. A. Iljin àti V. N. Iljin fá irun ológbò Siam ní ibi tí irun rẹ̀ ti funfun. Wọ́n fi àwọn kan sínú òtútù, wọ́n sì wo irú irun tó máa hù padà. Dúdú ló hù. Ibi tí wọ́n bá mú móoru, kódà bí ó jẹ́ ibi tó máa ń dúdú tẹ́lẹ̀, irun rẹ̀ á hù ní funfun. Wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1930. Ehoro Himalaya, tí etí àti imú rẹ̀ dúdú bákan náà, ti kọ́kọ́ fi irú nǹkan yìí han àwọn onímọ̀ ní Jámánì, nítorí náà kò ya ẹni tó ń tẹ̀lé ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Àwọn tó ń gbé ológbò lọ síbi ìpàtẹ ni ó yẹ kó yà lẹ́nu. Yàrá gbígbóná tí wọ́n ń fi ológbò wọn sí ló ń pa ara rẹ̀ mọ́ ní funfun. Òtútù tí wọ́n ń sá fún ló ń mú un ṣú.

Bí ó ti ń ṣẹlẹ̀ kò le láti yé ni. Ohun tó ń mú irun dúdú ni mẹ́láníìnì, ẹ́ńsáìmù kan tó ń jẹ́ tyrosinase ló sì ń ṣe é. Ti ológbò Siam ní àbùkù: ooru máa ń dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́. Inú ara ológbò gbóná tó nǹkan bí ìwọ̀n 38 sí 39 lórí òṣùwọ̀n Celsius, kò sì sí ohun tí ẹ́ńsáìmù náà lè ṣe nínú ooru bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìpẹ̀kun ara, bí etí, imú, ìrù àti àtẹ́lẹsẹ̀, máa ń tutù ju àárín ara lọ. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti ń lọ. Inú ìyá gbóná dọ́gba níbi gbogbo, ìdí nìyẹn tí ọmọ fi ń wá sáyé ní funfun. Àgbà ológbò ń ṣú nítorí pé ẹ̀jẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ yára dé awọ ara rẹ̀ mọ́, awọ náà sì ń tutù. Yorùbá ní orúkọ tó bá ọ̀rọ̀ yìí mu: àfín ni ológbò Siam, àfín tí ooru ara rẹ̀ ń dá, tí òtútù sì ń sọ di aláwọ̀ dúdú.

Ojú rẹ̀ jẹ́rìí sí i. Láyé àtijọ́, ọ̀pọ̀ ológbò Siam ni ẹyinjú méjèèjì ń kọjú síra wọn. Wọ́n ń pàlọ́ pé nígbà tí ológbò ń ṣọ́ ife iyebíye kan nínú tẹ́ńpìlì, ó tẹjú mọ́ ọn títí ojú rẹ̀ fi di bẹ́ẹ̀. Ní 1971, David Hubel àti Torsten Wiesel ní Harvard tẹ ìwádìí jáde tó fi hàn pé iṣan tó ń gbé ìríran láti ojú lọ sí ọpọlọ ṣìnà lára ológbò yìí, bíi ti àwọn ẹranko àfín mìíràn. Kò sí ife nínú rẹ̀. Àwọn tó ń sìn ín ti fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ ojú bẹ́ẹ̀ kúrò lára ìran rẹ̀ nípa yíyan èyí tí wọ́n ń mú gùn, ṣùgbọ́n iṣan náà ṣì ń gba ọ̀nà òdì nínú orí.

Ìbátan rẹ̀ kan dé Amẹ́ríkà ní 1930. Dókítà Joseph Thompson mú abo ológbò kan tó pupa dúdú wá láti Bọ́mà sí San Francisco, Wong Mau ni orúkọ rẹ̀. Nítorí pé kò sí akọ irú rẹ̀ nítòsí, wọ́n mú Tai Mau tó jẹ́ Siam gùn ún. Nínú àwọn ọmọ tí wọ́n bí, àwọn kan jọ Siam, àwọn kan jọ ìyá wọn, títí tí wọ́n fi rí àwọn kan tó dúdú ju ìyá lọ. Ìwọ̀nyí ni wọ́n ń pè ní ológbò Bọ́mà lónìí, Wong Mau fúnra rẹ̀ sì ti jẹ́ àdàlù. Ológbò Bọ́mà náà ń bímọ tí àwọ̀ wọn mọ́lẹ̀, tí wọ́n ń ṣú bí wọ́n ti ń dàgbà, ṣùgbọ́n ooru kì í fi bẹ́ẹ̀ rí ẹ́ńsáìmù tirẹ̀ mú. Ní 2005 ni wọ́n rí àyípadà méjèèjì nínú jíìnì kan náà, ọ̀kan fún Siam, ọ̀kan fún Bọ́mà. Bí ó bá jẹ́ pé ìran Suphalak ni ológbò Bọ́mà, bí àwọn kan ti gbà, a jẹ́ pé òun àti Wichienmaat tí wọ́n wà nínú ìwé kan náà ní Ayutthaya ti jẹ́ ọmọ ìyá láti ìgbà yẹn.

Ní ibi ìpàtẹ, àwọn adájọ́ ṣì ń fẹ́ kí ìyàtọ̀ àárín ara àti àmì hàn gbangba. Nítorí náà, ìgbà èwe ni ológbò Siam ń gba ẹ̀bùn jù. Bí ẹ̀yìn rẹ̀ bá ti ṣú, wọ́n á fi í sílé. Àwọn dókítà ẹran náà ní ìkìlọ̀ tiwọn: bí wọ́n bá fá ikùn rẹ̀ fún iṣẹ́ abẹ, ibi tí wọ́n fá á tutù, irun tó bá hù níbẹ̀ á sì dúdú bí ẹni tí wọ́n da tàdáwà lé. Abulẹ̀ dúdú náà á wà níbẹ̀ títí ológbò á fi pààrọ̀ irun, kí funfun tó padà.