Ètò Kọ̀ǹpútà: Àríyànjiyàn Lórí Ààlà Rẹ̀

Ètò kọ̀ǹpútà ni àwọn àṣẹ tí a kọ ní èdè tí ẹ̀rọ lè tẹ̀ lé. Ibi tí ààlà rẹ̀ wà gan-an ni àwọn tó ń ṣẹ̀dá èdè kọ̀ǹpútà kò tíì fohùn ṣọ̀kan lé lórí. Bí oníṣòwò kan ní ọjà Alábà, ní Ọ̀jọ́, bá fi HTML to iye owó tẹlifíṣàn sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ohun tó kọ kò ṣírò nǹkan kan. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ kò ka irú rẹ̀ sí ètò. Àmọ́ bó bá fi èdè JavaScript kún un pé kí owó dínkù fún ẹni tó bá ra ju mẹ́wàá lọ, àríyànjiyàn tán.

Irú ìbéèrè kan náà wà lórí Ifá. Ní 1983, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olú Longe sọ àsọyé ní Yunifásítì Ìbàdàn lórí Ifá àti ìmọ̀ kọ̀ǹpútà. Ikin 16 ni babaláwo ń gbá. Bí ẹyọ kan bá ṣẹ́kù, á tẹ ìlà méjì sójú ọpọ́n. Bí méjì bá ṣẹ́kù, á tẹ ìlà kan. Bó bá tẹ̀ ẹ́ nígbà mẹ́jọ, odù kan nínú 256 ti jáde. Ìlànà tó gún régé ni, ó sì yẹ ká fi yangàn. Síbẹ̀, ènìyàn ló ń yan ẹsẹ tó bá ọ̀rọ̀ oníbèéèrè mu, kì í ṣe ẹ̀rọ. Ìdí nìyẹn tí kò fi tíì di ètò.

Ní ti Yorlang, èdè kọ̀ǹpútà tí Anuoluwapo Karounwi ṣe, ìlà kan ṣoṣo tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú «sọpé» ti tó láti jẹ́ ètò: kọ̀ǹpútà á gbé ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e jáde.