Ta Ni Ó Ra Idà? Ìrànwọ́ Owó àti Àwọn Eléré Idà ní New York

Àwọn òpìtàn eré ìdárayá a máa ka àmì-ẹ̀yẹ, ṣùgbọ́n wọn kì í sábà béèrè ẹni tí ó san owó ọ̀nà. Nínú eré idà, ìbéèrè yìí ṣe kókó. Eléré gbọ́dọ̀ ní idà, ìbòjú onírin àti ẹ̀wù ìjà. Ó gbọ́dọ̀ sanwó olùkọ́, kí ó sì máa rìnrìn-àjò láti orílẹ̀-èdè kan dé òmíràn kí ó tó lè bá ògbóǹtarìgì díje. Ní Amẹ́ríkà, ìjọba àpapọ̀ kì í gbọ́ bùkátà ikọ̀ Òlíḿpíìkì bí àwọn ìjọba mìíràn ti ń ṣe. Ọrùn òbí ni púpọ̀ nínú ẹrù náà ń já lé. Ìdí nìyí tí eré náà fi pẹ́ lọ́wọ́ àwọn ọmọ olówó.

Ìtàn Peter Westbrook, tí a bí ní 1952, fi ọ̀nà mìíràn hàn. Ìyá rẹ̀, ọmọ Jàpáánì, ni ó dá tọ́ ọ nínú àìní ní Newark. Kí ó má baà bá ẹgbẹ́ búburú rìn, ìyá náà fi dọ́là 5 tàn án lọ sí ìdí eré idà. Ìrànwọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn. Èkejì ni owó ẹ̀kọ́ tí idà mú bá a ní New York University. Ní 1984, ní Los Angeles, ó gba àmì-ẹ̀yẹ idẹ nínú ẹ̀ka sabre.

Ní 1991, ó dá Peter Westbrook Foundation sílẹ̀ fún àwọn ọmọ New York. Àjọ náà kò dúró lórí eré nìkan. Ó ń ràn wọ́n lọ́wọ́ nínú ẹ̀kọ́ ìwé, ó sì ń ti àwọn tí ó bá ta yọ lẹ́yìn dé ìdíje àgbáyé. Àwọn tí ó ti jàǹfààní padà wá ń kọ́ àwọn ọmọ tuntun. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè.

Ní 2003, Keeth Smart di ọmọ Amẹ́ríkà àkọ́kọ́ tí ó gba ipò kìíní lágbàáyé nínú sabre. Ní Beijing, ní 2008, òun àti Erinn, àbúrò rẹ̀ obìnrin, gba fàdákà, olúkúlùkù pẹ̀lú ikọ̀ tirẹ̀. Daryl Homer gba fàdákà ní 2016. Ní 2024, ọdún tí Westbrook papò dà, Lauren Scruggs di obìnrin aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà àkọ́kọ́ tí ó dá gba àmì-ẹ̀yẹ eré idà ní Òlíḿpíìkì.

Láti ìdásílẹ̀ àjọ náà títí dé fàdákà Beijing, ọdún 17 ni. Olówó tí ó bá ń retí àmì-ẹ̀yẹ lọ́dọọdún ì bá ti kó owó rẹ̀ kúrò kí igi náà tó so. Ìrànwọ́ tí ó ń mú eléré dé òkè ni èyí tí ó lè ní sùúrù.